Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ AC Tuntun Lọ́wọ́ Èérún Èyí Tó Kú

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ní Ìbàdàn níbí, lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kẹta tí oòrùn ń ta bí ata. Ó yí gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ìborùn rẹ̀ sì ti rin fún òógùn. Kò jẹ́ kí n kí i tán.

"Ọ̀gá AC, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́jọ. Àbí ayé ló ń ṣe mí ni?"

Mo ní, "Ẹ jókòó ná, mà. Ẹ jẹ́ n wo ọ̀fun rẹ̀."

Gáàsì ti tán nínú ọkọ̀ náà pátápátá, nítorí náà mo tú họ́ọ̀sì ńlá lára kọ́ńpúrẹ́sọ̀, mo ti ìka kan bọ ẹnu rẹ̀, mo sì fi ìka náà pa aṣọ ìnujú funfun. Ohun tó jáde dà bí àdí tí wọ́n po eérú mọ́, ó sì ń dán yinrinyinrin lójú oòrùn. Èérún irin ni. Kì í sì í ṣe ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìkan: ti àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, ti èkejì náà wà níbẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ yọ òkú, wọ́n gbé alààyè sí ipò rẹ̀, wọn ò gbálẹ̀ ilé.

Bí a ṣe ń gbálẹ̀ ilé náà ni mo fẹ́ kọ síbí, fún ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yìí àti ẹ̀yin tó ń gbé ọkọ̀ lọ bá wa, kí ẹ lè mọ ohun tó yẹ kí ẹ béèrè.

Ọ̀nà tí èérún ń gbà

Ẹnu méjì ni kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ní. Ọ̀kan ló fi ń fa gáàsì tútù wọlé láti inú họ́ọ̀sì ńlá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹnu ìfà. Èkejì ló fi ń tú u jáde ní gbígbóná, pẹ̀lú agbára, sínú họ́ọ̀sì tó tín-ín-rín; ẹnu ìtú nìyẹn. Láti ẹnu ìtú, gáàsì ń lọ sí kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀, ibẹ̀ ló ti ń di olómi. Ó ń gba inú dráyà, ìgò tó ń mu ọ̀rinrin, kọjá, ó ń dé expansion valve tí ihò rẹ̀ há bíńtín, ó ń tú yẹ́ẹ́ sínú ẹfapọ́rétọ̀ tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tó ti ń fún wa ní òtútù, lẹ́yìn náà ló ń padà sí ẹnu ìfà. Òbírí ni. Ọ́ìlì tó ń mú kí inú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ máa yọ̀ ń bá gáàsì rìn yí òbírí náà ká, ọ́ìlì yìí kan náà ló sì ń ru èérún kiri.

Nígbà tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá lọ ara rẹ̀ kú, àlùmíníọ̀mù, irin àti ike dúdú ara písítìnnì rẹ̀ ló ń di èérún. Ó ń tú èyí tó pọ̀ jù síwájú, kọ́ńdẹ́ńsà ló sì ń gbà á mọ́ra. Èyí tó bá yọ́ kọjá á há sí dráyà àti expansion valve. Ìyókù á wọ ẹfapọ́rétọ̀. Bí àwọn awẹ́ irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń pa nínú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá sì kán, èérún á tún pẹ̀yìn dà sínú họ́ọ̀sì ìfà. Èyí tó pẹ̀yìn dà yìí gan-an ni kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tuntun máa kọ́kọ́ gbé mì, ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì AC.

Ọ̀nà méjì ni èérún wá fi ń pa á. Ó lè gba ẹnu ìfà wọlé kó máa ha inú rẹ̀. Ó sì lè jókòó sí kọ́ńdẹ́ńsà kó dí ọ̀nà: gáàsì ò rí ibi gbà, agbára inú họ́ọ̀sì gbígbóná á ga sókè, ọ́ìlì ò ní padà wálé, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á jó. Asẹ́ kékeré tí wọ́n ń tà fún ẹnu ìfà, ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan ló lè dí. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo ti rí àwọn tó ra asẹ́ náà, tí wọ́n wá fi kọ́ńdẹ́ńsà àtijọ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ti ní asẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ikú tó pa á

Kì í ṣe gbogbo kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tó kú ló ń da ìdọ̀tí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so kọ́ńpúrẹ́sọ̀ mọ́ bẹ́líìtì) ló jóná, tàbí béárìn iwájú ló ń han, tàbí ó kàn ń jò lọ́rùn, inú lè mọ́ tónítóní. Ẹ má sọ owó yín nù sórí ìfọ̀ tí kò yẹ.

Bí mo ṣe ń wò ó rèé. Lẹ́yìn tí gáàsì bá ti jáde, mo máa ń da ọ́ìlì kọ́ńpúrẹ́sọ̀ àtijọ́ sínú àwo tánganran funfun, màá gbé e bọ́ sóòrùn. Bí ó bá mọ́ gaara, tàbí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróró ẹ̀pà, tàbí ó ní àwọ̀ ewé tó ń tàn (àwọ̀ tí wọ́n fi ń wá ibi tó ń jò nìyẹn), inú mọ́. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ eérú tó ń dán, àlùmíníọ̀mù ni. Bí ó bá dúdú bí ọ̀dà, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ọ̀ràn wà ńlẹ̀. Mo ní mágínẹ́ẹ̀tì kan tí mo yọ lára sípíkà àtijọ́, mo fi ọ̀rá wé e: bí mo bá tì í bọ àwo náà tí nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé inú mọ́ nítorí pé nǹkan kan ò lẹ̀ mọ́ ọn o, mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa àlùmíníọ̀mù.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú expansion valve, kí ẹ wo ẹnu tí gáàsì olómi ń gbà wọ inú rẹ̀. Toyota àti Honda tó pọ̀ lójú títì wa, expansion valve ni wọ́n ń lò. Àwọn Ford àti ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan máa ń lo orifice tube, ọ̀pá ike tíńtín tó ní àwọ̀n lẹ́nu. Àwọ̀n yẹn ni ẹlẹ́rìí tí kì í parọ́. Bí ó bá kún fún ẹrọ̀fọ̀ dúdú tàbí èérún tó ń dán, gbogbo òbírí náà ló ti di ẹlẹ́gbin.

Bí inú bá mọ́, iṣẹ́ yín kúrú: dráyà tuntun, o-ring (òrùka rọ́bà tó ń dí ojú ìsopọ̀) tuntun, ọ́ìlì tó yẹ, fákúùmù (fífi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti omi jáde), gáàsì. Bí inú bá dọ̀tí, ẹ máa bá mi bọ̀.

Kí ẹ tó tú bóòtù kankan

Ẹ wọ awò ojú àti ìbọ̀wọ́. Gáàsì R134a, tí ọ̀pọ̀ AC ọkọ̀ ń lò, ń hó ní −26°C. Bí ó bá fẹ́ sí ojú, á fọ́ ọ, bí ó bá fẹ́ sí awọ ara, á jó o bíi yìnyín. Ẹ má kàn tú bóòtù kí ẹ sì jẹ́ kó fẹ́ jáde ṣíọ̀ọ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ fà á sínú sílíńdà. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ń tú u dà sí afẹ́fẹ́, àṣà burúkú ni, torí kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó bíi 1,430 kílò èéfín kábọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ìyẹn, gáàsì tí ẹ bá fà jáde, owó ni.

Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ haibíríìdì, bíi Prius, ẹ dúró. Iná mànàmáná alágbára ló ń yí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tiwọn, ó lè pa ènìyàn, wáyà aláwọ̀ ọsàn ni ẹ fi máa dá a mọ̀. Ọ́ìlì wọn náà yàtọ̀: bí díẹ̀ nínú ọ́ìlì PAG tí a ń lò fún ọkọ̀ mìíràn bá bọ́ sínú rẹ̀, á ba ìdáàbòbò wáyà inú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ jẹ́. Ẹ gbé e fún ẹni tó kọ́ ọ.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ ní nílẹ̀ ni sílíńdà náítírójìn tó ní rẹgulétọ̀, ìbọn ìfọ̀, omi ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún AC ọkọ̀, àpótí o-ring, àti àwọn ìdérí ike tàbí ọ̀rá mímọ́ pẹ̀lú rọ́bà. Gbogbo ẹnu họ́ọ̀sì tí ẹ bá tú, ẹ dé e lójú ẹsẹ̀. Yánrìn wẹ́wẹ́ tí ọyẹ́ ń gbé wá kò yàtọ̀ sí èérún irin lójú kọ́ńpúrẹ́sọ̀.

Kọ́ńdẹ́ńsà: ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀

Ibí ni èmi àti oníbàárà ti máa ń ṣe àríyànjiyàn. Kọ́ńdẹ́ńsà ayé àtijọ́ jẹ́ páìpù kan ṣoṣo tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ejò. Bí ẹ bá fẹ́ omi sí i níbí, á gba ọ̀hún jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Tòde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ògìdìgbó ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ò fi ní rọrùn láti tì bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ omi ìfọ̀ sí i, omi á gba àwọn ọ̀nà tó ti là tẹ́lẹ̀, kò ní yà sí èyí tó dí. Ẹ ó rí omi mímọ́ lápá kejì, inú yín á dùn, èérún á sì wà níbi tó wà.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá aláṣọ òfì pé kọ́ńdẹ́ńsà máa kúrò, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, kò jò, kí ló ṣe é?" Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi mú ayùn irin wá, lẹ́yìn tí mo ti ṣèlérí pé bí inú rẹ̀ bá mọ́ màá san owó òmíràn. A rẹ́ etí rẹ̀ kan. Àwọn ihò kéékèèké náà tò lẹ́sẹẹsẹ bí afárá oyin. Nínú bíi mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá. Ohun dúdú tó le bí ọ̀dà ló di àwọn yòókù pa. Ìyá náà wò ó, ó kàn ní, "Háà." Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́ títí a fi ra tuntun.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dé láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, dráyà wà lára kọ́ńdẹ́ńsà gan-an, nítorí náà bí ẹ bá pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà, ẹ ti pààrọ̀ méjèèjì. Ẹ rí i dájú pé dráyà wà nínú èyí tí ẹ rà. Tòkunbọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà? Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí. Ẹ ò mọ irú ikú tó pa kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n jọ gbé inú ọkọ̀ kan.

Họ́ọ̀sì àti ẹfapọ́rétọ̀: ìwọ̀nyí ni à ń fọ̀

Ẹ yọ expansion valve kúrò kí ẹ tó fọ nǹkan kan, ẹ má dá àtijọ́ padà. A kì í fi omi ìfọ̀ fọ kọ́ńpúrẹ́sọ̀, a kì í fọ dráyà, a kì í fọ expansion valve. Họ́ọ̀sì mìíràn ní ìkòkò kékeré kan lára tó ń pa ariwo. Inú ìkòkò náà ní igun tí omi ò lè fọ̀ dé, bí inú bá ti dọ̀tí, họ́ọ̀sì yẹn náà á kúrò.

Ẹ fọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọ gbogbo wọn pọ̀. Ẹ da omi ìfọ̀ sínú ìbọn, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ láti ibi tí gáàsì ń gbà jáde sí ibi tó ń gbà wọlé, kí ohun tó há lè padà síbi tó ti wá. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà. Ẹ so ọ̀rá tó mọ́ gaara mọ́ ẹnu kejì kí ẹ lè rí ohun tó ń jáde. Fún ẹfapọ́rétọ̀, mi ò kì í jẹ́ kí náítírójìn kọjá 100 psi (òṣùwọ̀n agbára gáàsì). Ẹ jẹ́ kí omi náà jókòó sínú rẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ́ìlì tó gbẹ mọ́ra lè rọ̀, kí ẹ tó fẹ́ ẹ jáde. Ẹ tún un ṣe títí èyí tó ń jáde á fi rí bí èyí tó wọlé. Ti ìyá yẹn, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo fọ̀ ọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ṣì ń mú nǹkan tó ń dán jáde.

Bẹntiróòlù ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ ń lò, òun àti kẹrosíìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó. Yàtọ̀ sí pé iná lè sọ nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ẹfapọ́rétọ̀ á po mọ́ ọ́ìlì tuntun, á sọ ọ́ di omi lásán, á sì jẹ àwọn o-ring. Omi tí à ń mu burú ju ìyẹn lọ. Ẹ má sì fi ọkísíjìn oníwẹ́dà fẹ́ páìpù tó ní ọ́ìlì nínú, á bú gbàù. Afẹ́fẹ́ fọkanáísà náà kò dára tó, torí ó ń gbé ọ̀rinrin wọlé.

Lẹ́yìn ìfọ̀, gbígbẹ ló kù. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kù díẹ̀ káàtó. Ẹ jẹ́ kí náítírójìn máa fẹ́ gba inú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ gbé bébà funfun sí ẹnu kejì. Bí bébà bá ṣì ń tutù, tàbí ó ń rùn, kò tíì gbẹ. Ẹfapọ́rétọ̀ lè gba ìdajì wákàtí.

Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tuntun, àti ọ́ìlì rẹ̀

Bóyá inú páálí ni ẹ ti rà á tàbí tòkunbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ tàbí Gate, ẹ da ọ́ìlì inú rẹ̀ sórí àwo tánganran yẹn náà kí ẹ tó sanwó tán. Mo ti rí tòkunbọ̀ tí ọ́ìlì inú rẹ̀ dúdú ju ti èyí tí mo fẹ́ yọ lọ. Irú ìyẹn, òun gan-an ló máa kó ìdọ̀tí wọ ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ yí awo iwájú rẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ máa ha bí ẹni ń lọ gàrí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ìtú bí ẹ ti ń yí i, ẹ ó mọ̀ ọ́n pé ó ń ti ọwọ́ yín.

Ọ́ìlì inú àwo yẹn, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ti fọ gbogbo òbírí náà, tí ẹ sì pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà, kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì àtijọ́ kankan mọ́, nítorí náà iye tí ìwé ọkọ̀ náà kọ fún gbogbo AC ni ẹ máa fi sí i. Ẹ da ìdajì sínú kọ́ńpúrẹ́sọ̀, kí ẹ pín ìyókù sínú kọ́ńdẹ́ńsà àti ẹfapọ́rétọ̀. Bí ẹ ò bá fọ nǹkan kan nítorí pé inú mọ́, iye tó jáde látinú àtijọ́ ni kẹ́ẹ fi sínú tuntun. PAG 46 ni ọ̀pọ̀ Toyota ń lò, àwọn mìíràn ń gba PAG 100 tàbí 150. Ẹ wo ara kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tàbí ìwé rẹ̀. PAG ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bíi kànìnkànìn, ẹ má fi ìgò rẹ̀ sílẹ̀ láìdé. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì jíà kọ́.

Asẹ́ ẹnu ìfà

Ó yá, asẹ́. Bí ife kékeré ló rí, àwọ̀n irin tó wẹ́ gan-an ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ń tì í bọ inú ẹnu họ́ọ̀sì ìfà, tàbí inú ẹnu kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ìwọ̀nba èérún tó bá bọ́ lọ́wọ́ ìfọ̀ yín, pàápàá èyí tí gáàsì àti ọ́ìlì tuntun máa jí dìde nínú ẹfapọ́rétọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ wọn inú ẹnu họ́ọ̀sì kí ẹ tó ra asẹ́, nítorí oríṣiríṣi ìwọ̀n ni wọ́n ń tà. Èyí tó bá tú díẹ̀ á ṣubú wọ kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ẹ ó sì ti fi owó ara yín ra ikú rẹ̀. Èyí tó bá tóbi, tí ẹ fi òòlù lù ú wọlé, á ká mọ́ ara rẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì PAG díẹ̀ pa etí rẹ̀, ẹ tì í wọlé tààrà pẹ̀lú ọ̀pá tó bá a wá, títí á fi jókòó, kí etí rẹ̀ má bàa dí o-ring lọ́wọ́. Apá wo ló yẹ kó kọjú sí? Ọfà tàbí ìwé tó bá a wá ni kẹ́ẹ tẹ̀lé, torí oníṣẹ́ kan àti èkejì kì í ṣe é bákan náà.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan rò pé òun gbọ́n. Ó gé asẹ́ tíì, ó ká a róbótó, ó fẹ́ tì í bọ ẹnu họ́ọ̀sì oníbàárà kan. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi èékánná fa etí ibi tó gé, okùn irin mẹ́ta já sí mi lọ́wọ́. Mo ní, "Kọ́lá, níbo lo rò pé mẹ́ta yìí ń lọ?" Ó fi orí sílẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún un.

Asẹ́ mìíràn wà tí wọ́n ń so sáàárín páìpù olómi, láàárín kọ́ńdẹ́ńsà àti expansion valve. Ìyẹn dára bí ó bá di dandan kí ẹ lo kọ́ńdẹ́ńsà àtijọ́, ṣùgbọ́n expansion valve ló ń dáàbò bò. Kò ní kí kọ́ńdẹ́ńsà tó dí má dí.

Dídì í padà, fákúùmù àti gáàsì

Gbogbo o-ring ló gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á. Dráyà ni ẹ máa ṣí gbẹ̀yìn, bí ó bá dá dúró. Ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ àfi nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù bá ti dì tán, nítorí ó ti ń mu ọ̀rinrin láti ìṣẹ́jú tí ẹ bá ti ṣí i.

Fákúùmù: ẹ fà á dé 29 inHg lórí géèjì, kí ẹ sì jẹ́ kó máa fà fún ìṣẹ́jú 45 ó kéré tán, wákàtí kan nígbà òjò. Ní ibi tí géèjì dé yẹn, omi ń hó ní nǹkan bí 25°C, ìyẹn ni ọ̀rinrin fi ń di èéfín jáde. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fìríìjì tí àwọn kan sọ di ẹ̀rọ fákúùmù kì í sábà fà á débẹ̀. Ẹ pa á, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí: bí ọwọ́ géèjì bá ń padà bọ̀, ó ń jò tàbí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan gbà pé bí fákúùmù bá pẹ́, kò sídìí fún ìfọ̀. Afẹ́fẹ́ àti omi ni fákúùmù ń fà. Kò lè gbé èérún irin nílẹ̀.

Iye gáàsì wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òṣùwọ̀n ni kẹ́ẹ lò, kì í ṣe ojú. Ẹ má fi àwọn àdàlù tí wọ́n ní ó ń dí ibi tó ń jò sí i, ìdọ̀tí tuntun nìyẹn.

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ọwọ́ yí awo iwájú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Awo àárín ni mo wí, kì í ṣe ibi tí bẹ́líìtì gbà, ìyẹn ń yí lásán bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá tíì mú. Ọ́ìlì tó bá ti rọ̀gún sínú rẹ̀ á jáde. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbá a lójijì, ọ́ìlì kì í ṣeé fún mọ́lẹ̀ bí afẹ́fẹ́, ohun kan á kán.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa sáré jẹ́jẹ́ láìtẹ ìfúnná fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ máa wo géèjì. Bí ooru ìta bá jẹ́ bíi 32°C, mo máa ń retí 30 sí 45 psi lápá títutù, 200 sí 250 lápá gbígbóná. Bí apá gbígbóná bá ń sáré lọ sí 350, ẹ pa á. Ẹ kọ́kọ́ wo fáànù bóyá ó ń yí, torí mo ti rí ẹni tó dá kọ́ńdẹ́ńsà tuntun lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé fúùsì fáànù ló já.

Asẹ́ náà ní àrékérekè kan. Bí ó bá kún, ibi tí a máa ń so géèjì mọ́ sábà máa ń wà ṣáájú rẹ̀, nítorí náà géèjì apá títutù ò ní lọ sílẹ̀, ó tilẹ̀ lè ga sí i, bẹ́ẹ̀ ebi gáàsì àti ti ọ́ìlì ti ń pa kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni pé òtútù ń dín kù lójoojúmọ́. Nítorí èyí, bí ikú àkọ́kọ́ bá le, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń ná wọn ní o-ring kan, dráyà tuntun níbi tí ó bá ti dá dúró, àti wákàtí méjì lórí àga mi.

Ìyá aláṣọ òfì padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, gíláàsì pípadé, ìborùn gbígbẹ. Mo fa gáàsì jáde, mo yọ asẹ́, mo gbọ̀n ọ́n sórí àwo tánganran. Èérún méje ni, èyí tó tóbi jù kò ju hóró yánrìn lọ. Ó fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn, ó gbé e sójú oòrùn.

"Èyí náà ló pa mẹ́ta?"

"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, mà. Wọ́n wà nínú kọ́ńdẹ́ńsà tí a rẹ́ lọ́jọ́sí."

Mo fọ asẹ́ náà, mo fi náítírójìn fẹ́ ẹ gbẹ, mo dá a padà, mo fi o-ring tuntun sí i. Mo tún so fákúùmù.